Ta Ló Ń Sanwó Iná Tí Kì Í Kú?

Orí tábìlì ìjẹun ni màmá mi ti rí ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní London, ló mú un wá nígbà tó wá bá wa lo ìsinmi. Ìwé náà tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ le, àwòrán ẹranko abàmì àti àwọn ènìyàn tí iná ń jáde lọ́wọ́ wọn ló sì kún inú rẹ̀. Màmá mi ṣí i, ó wò ó, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Lẹ́yìn náà ló pè wá.

"Ẹ wá ná. Ọkùnrin inú àwòrán yìí, iná tó ń jù yìí, níbo ló ti rí agbára rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, eré lásán ni, mà. Idán ni. Idán ò nílò ìdí."

"Kò sí ohun tí kò nílò ìdí," ni màmá mi fèsì. "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé ìwé yìí wọ yàrá o. Pálọ̀ ni kí ẹ ti máa ṣe eré yín, níbi tí etí mi ti lè gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Bí ẹ bá sì ti mọ ibi tí agbára yẹn ti ń wá, kí ẹ wá sọ fún mi."

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó rò pé ìwé oṣó ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ro ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo rí i pé ìbéèrè tí ẹ̀rù mú kó béèrè yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀kọ́ físíìsì ń bi wá lójoojúmọ́: níbo ni agbára ti wá, níbo ló sì ń lọ? Mo ti gbé ìbéèrè náà lọ síwájú eré yìí, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí. Ibi tó dára, màá yìn ín. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó, màá wí.

Orúkọ eré náà ni Dungeons & Dragons. Ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló ṣe é, ó sì kọ́kọ́ jáde ní 1974. Kì í ṣe eré orí kọ̀ǹpútà. Ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan ni adarí, òun ló ń sọ ìtàn. Àwọn yòókù á máa sọ ohun tí akọni tiwọn fẹ́ ṣe, wọn á sì ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ohun náà bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ẹni tó bá ti jókòó síbi àlọ́ rí kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó fi yàtọ̀ sí àlọ́ ni pé ó ní ìwé òfin. Inú ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé idán báyìí dé ibi báyìí, ó pẹ́ tó báyìí, ohun èlò rẹ̀ sì ni báyìí. Ẹ̀dà karùn-ún, tó jáde ní 2014, ni ẹ̀gbọ́n mi mú wá. Òun ni màá máa tọ́ka sí jù nínú àròkọ yìí.

Kò tó wákàtí kan tí a bẹ̀rẹ̀ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tó fẹ́ràn físíìsì bí ẹni fẹ́ràn ẹran, ní irọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe físíìsì kó padà sí kíláàsì, pé nínú ayé idán, físíìsì kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni wọ́n máa ń sọ níbi tí irú iyàn yìí bá ti wáyé. Lójú tèmi, kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní físíìsì kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun èlò tí ìwé náà fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún idán kọ̀ọ̀kan. Idán tí wọ́n ń pè ní Lightning Bolt ni wọ́n fi ń ju mànàmáná. Ohun èlò rẹ̀ ni irun ẹran díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá amber, tàbí ti kírísítálì, tàbí ti gíláàsì. Amber jẹ́ oje igi àtayébáyé tó ti di òkúta. Bí a bá fi irun ẹran ra á dáadáa, yóò máa fa nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí bírò tí a fi ra irun orí ṣe máa ń fa bébà wẹ́wẹ́. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ti mọ èyí. Elektron ni wọ́n ń pe amber, inú orúkọ yẹn sì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún iná mànàmáná ti jáde. Ẹ tún wo Fireball, ìṣù iná ńlá tó máa ń bú gbàù. Ìgbẹ́ àdán àti imí-ọjọ́ ni ohun èlò rẹ̀. Ìgbẹ́ àdán wà lára ohun tí wọ́n ti ń rí èròjà ẹ̀tù ìbọn nígbà kan rí, imí-ọjọ́ náà sì wà nínú ẹ̀tù. Idán Light, tó ń mú kí ohun tí a bá fọwọ́ kàn máa tàn, tanátaná ni ohun èlò rẹ̀, tàbí ewédò tó ń tàn lóru. Ti Invisibility, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹni tó bá lò ó, ni irun ìpéǹpéjú tí a fi gum arabic bò.

Ẹni tó kọ irú nǹkan báyìí mọ físíìsì, ó sì ń fi í dápàárá. Ẹni tó pe àlejò wá sílé jẹun kò lè yíjú padà kó ní ta ló pè é. Eré yìí ló pe físíìsì wá sídìí tábìlì. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi kò lè lé e jáde.

Ó ku ti àbúrò mi, tó ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ o. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ́lẹ̀. Nínú ìwé òfin, ògùṣọ̀ máa ń tàn kedere dé 20 ẹsẹ̀ bàtà, yóò wá máa ṣe bàìbàì fún 20 ẹsẹ̀ bàtà mìíràn, lẹ́yìn èyí òkùnkùn dé. Ìmọ́lẹ̀ tòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá jìnnà sí fìtílà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò kù. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ó di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ó ń dín kù ni, kò sí ibi tí ó ti ń dáwọ́ dúró bí ẹni kan ògiri. Bí ó bá ń dáwọ́ dúró ni, a kì bá tí máa rí ìràwọ̀.

Ó kọjá sórí mànàmáná. Lightning Bolt gùn tó 100 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn nǹkan bí mítà 30. Òfin gba ẹni tó bá yára láyè láti yẹ̀ ẹ́, kó má jẹ́ pé gbogbo ìyà rẹ̀ ló jẹ. Ìmọ́lẹ̀ ń rin mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Mànàmáná kò yára tó o, síbẹ̀ kò sí ojú tó lè tẹ̀ lé e, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹsẹ̀. Ó tún kan ẹni tí a kò rí. Láti ríran, ojú gbọ́dọ̀ gba ìmọ́lẹ̀ dúró sínú ara rẹ̀. Ibn al-Haytham ti kọ́ ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn pé ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ inú ojú, pé ojú kọ́ ló ń rán ìtànṣán jáde. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú ẹnì kan kọjá tí kò sì dúró, ẹni náà kò ní ríran. Nígbà tí H. G. Wells kọ ìwé rẹ̀, The Invisible Man, ní 1897, ohun tí Yakov Perelman, ará Rọ́ṣíà tó ń fi ìgbádùn kọ́ àwọn ènìyàn ní físíìsì, fi bá a wí lẹ́yìn náà nìyẹn: ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí yìí, òun fúnra rẹ̀ á fọ́jú.

Gbogbo ohun tí àbúrò mi sọ ló jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé wọ́n ba eré náà jẹ́. Ààlà ìmọ́lẹ̀ yẹn dà bí ìlà pápá bọ́ọ̀lù. Gbogbo wa mọ̀ pé ilẹ̀ kò parí níbi tí wọ́n fa ìlà funfun sí, ṣùgbọ́n láìsí ìlà, ìjà ni yóò kù. Ní ti mànàmáná, ẹ wo gólì tó ń dúró de pẹnáritì. Kì í dúró kí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ kó tó fò. Ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a ló ń wò. Ẹni tó yẹ mànàmáná, ọwọ́ onídán ló wò. Irú ìdáhùn báyìí kò tako físíìsì, ó sì jẹ́ kí ìtàn náà dùn sí i. Ẹni tí a kò rí ńkọ́? Eré náà fún un ní èèwọ̀: bí ó bá ti kọlu ènìyàn tàbí tó lo idán mìíràn, ojú gbogbo ènìyàn á tún rí i. A ti fi ohun kan san án. Mo gbà.

Ìwé òfin àtijọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi fi yà wá lẹ́nu lẹ́yìn náà, nítorí ó ní àwòkọ rẹ̀ lórí fóònù. Nínú ìwé tó jáde ní 1978, ìṣù iná Fireball kì í ṣe kìkì róbótó. Ó ní àyè kan pàtó tí ó gbọ́dọ̀ kún, nǹkan bí 33,000 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, ní òró àti ní gíga. Bí onídán bá jù ú sí gbangba, kò séwu. Bí ó bá jù ú sínú ihò tóóró ńkọ́? Àbúrò mi mú bírò. Bí ihò náà bá fẹ̀ ní 10 ẹsẹ̀ bàtà, tó sì ga ní 10, iná náà gbọ́dọ̀ gùn tó 330 ẹsẹ̀ bàtà kó tó rí àyè gbà, 165 síwájú, 165 sẹ́yìn. Sẹ́yìn ni onídán àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró sí! Mànàmáná àtijọ́ náà nìyẹn: bí ó bá kan ògiri tí kò lè fọ́, ńṣe ló ń ta padà sọ́dọ̀ ẹni tó jù ú. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Nínú ẹ̀dà 2014, wọ́n ti yọ gbogbo ìyẹn kúrò. Ìṣù iná di róbótó, 20 ẹsẹ̀ bàtà láti àárín rẹ̀ sí etí, ó tán. Mànàmáná kì í ta padà mọ́. Ohun tó tún wá yani lẹ́nu jù ni pé iná náà ń jó gbogbo ohun tó lè jó, àyàfi èyí tí ènìyàn bá wọ̀ tàbí tó gbé dání. Ìyẹn ni pé aṣọ tó wà lórí okùn á jó di eérú, èyí tó wà lọ́rùn ènìyàn kò ní jó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn náà fúnra rẹ̀ jóná. Màmá mi, tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àga, ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Irú aṣọ wo nìyẹn? Kí wọ́n bá mi rà á ní ọ̀pá mẹ́fà."

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi yí i padà. Ọmọdé tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń wá àyè inú nǹkan lè ta eré náà báyìí láìsí wàhálà. Akọni kì í pàdánù gbogbo ẹrù rẹ̀ nítorí iná kan. Eré ń yára. Èrè ni ìyẹn, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àdánù wà ńbẹ̀. Nínú ìwé àtijọ́, onídán gbọ́dọ̀ ronú kó tó ju iná. Ó gbọ́dọ̀ wo ògiri, kó wo òkè, kó béèrè ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Agbára rẹ̀ ní ìwúwo. Nínú ìwé tuntun, iye dáìsì ló kù tó ń kà. Iná tí kò lè ṣe ẹni tó jù ú ní ibi tí kò rò tẹ́lẹ̀, iná ọmọlangidi ni.

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ni ẹ̀bi tó tóbi jù. Èyí tó tóbi jù fara pamọ́ sínú idán kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kì í jà lé lórí. Continual Flame ni orúkọ rẹ̀, iná tí kì í kú. Onídán á lọ rúbì tó tó 50 owó wúrà kúnná, á lò ó tán, iná kan á sì yọ lórí ohun tó bá fọwọ́ kàn. Iná náà mọ́lẹ̀ bí ògùṣọ̀. Kò gbóná. Kì í lo afẹ́fẹ́. A lè bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè pa á. Yóò máa tàn títí di ìgbà tí idán mìíràn bá tú u ká.

Mo béèrè ọ̀rọ̀ iná tí kì í gbóná yìí ní kíláàsì nígbà tí a wọlé. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, olùkọ́ sì ní kí n fi eré ọmọdé sílẹ̀ nítorí ìdánwò ń bọ̀. Mi ò dá a lẹ́bi, ìdánwò ń bọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo padà wá a fúnra mi. Ìmọ́lẹ̀ tí kò gbóná kì í ṣe irọ́. Tanátaná ń ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé wa ní alaalẹ́: èròjà inú ìdí rẹ̀ ló ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde, ooru rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Gílóòbù LED náà kì í gbóná tó gílóòbù àtijọ́ tó ń jóni lọ́wọ́. Nítorí náà, àìgbóná kò lè jẹ́ ẹ̀sùn. Àìkú rẹ̀ ni ẹ̀sùn wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ìṣirò kíláàsì. Ká sọ pé agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde nínú rẹ̀ kò ju wáàtì kan péré lọ. Wáàtì kan ni joule kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọdún kan ní ìṣẹ́jú àáyá 31,536,000. Agbára tó jáde lọ́dún kan á lé ní mílíọ̀nù 31 joule. Láti gbé lítà omi kan láti 25 dé 100 ní òṣùwọ̀n Celsius, a nílò nǹkan bí 315,000 joule. Ẹ pín in: iná kékeré tí a rò pé kò tó nǹkan yìí ń náwó agbára tó lè sọ lítà 100 omi di híhó lọ́dọọdún. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rin nìyẹn. Ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún láìsí epo, láìsí igi, láìsí ẹni tó ń sanwó. Òfin físíìsì ni pé agbára kì í ti inú òfo wá. Ó ń pa ààyè dà ni. Iná yìí rú òfin náà lójoojúmọ́.

Àbúrò mi pariwo pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó dúró. Rírú òfin yẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ìwé náà jẹ́wọ́ ní gbangba pé iná òun kò gbóná, kì í kú, kì í lo afẹ́fẹ́. Ìjẹ́wọ́ yẹn dára. Ohun tó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn tó ti jẹ́wọ́ tán, kò gbé ọ̀rọ̀ náà débi tó yẹ kó dé. Nínú ìwé kan náà, ògùṣọ̀ kan jẹ́ owó bàbà 1, wákàtí 1 ló sì ń jó. Owó wúrà 50 jẹ́ owó bàbà 5,000. Bí ilé kan bá ń tan ògùṣọ̀ fún wákàtí 12 lálẹ́, owó iná tí kì í kú yóò ti padà wọlé lẹ́yìn nǹkan bí òru 416. Ọdún kan àti díẹ̀ péré! Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀fẹ́ ni iná. Kí ló wá dé tí òpópónà ìlú inú ìtàn wọ̀nyí fi ṣókùnkùn? Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń ru ògùṣọ̀ kiri? Kò sí ọmọ tó fi fìtílà kàwé rí, tí kò sí ẹni tó ti gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ láàárín òru, tí kò ní béèrè èyí. Àwa mọ ohun tí iná tí kì í kú jẹ́. Bí ó bá dé àdúgbò kan lónìí, ọjà á máa ná títí di òru, agbẹ̀bí kò ní fi tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí, ọmọ iléèwé á kàwé di ìgbà tó wù ú. Ayé náà kò ní jọ ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Fire Bolt tún wà, ọta iná kékeré tí onídán lè jù láìsí iye. Ìṣẹ́jú àáyá 6 ni ìpele kọ̀ọ̀kan nínú ìjà, nítorí náà ó lè ju 600 ní wákàtí kan, kó sùn, kó tún jí bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn, alágbẹ̀dẹ ìlú kan náà ṣì ń ra èédú. Ìbá dára kí adarí eré bi ara rẹ̀ léèrè ìdí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní 2004, Keith Baker gbé ayé kan jáde fún eré yìí kan náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eberron. Òun béèrè ìbéèrè náà. Nínú ìlú tirẹ̀, fìtílà tí kì í kú wà lójú pópó. Ọkọ̀ tó ń sáré bíi rélùwéè wà, agbára ẹ̀mí tí wọ́n dè mọ́ inú rẹ̀ ló sì ń tì í. Idán wọn kò tẹ̀ lé físíìsì wa rárá, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè kò ju ìyẹn lọ. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ fún mi pé eré ni eré, kí n má sọ ọ́ di ìdánwò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ. Babaláwo se àsèjẹ fún Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, tó ń wá ọmọ. Ó kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìjàpá jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà, ikùn rẹ̀ sì wú bí ti aboyún. Kò sí ọmọdé tó béèrè bóyá oògùn lè fún akọ lóyún. A gba ìyẹn gbọ́ nítorí àlọ́. Ṣùgbọ́n bí ikùn Ìjàpá kò bá wú, gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ni yóò pariwo pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé olùgbọ́ lè gbà kí a yí òfin ayé padà, kò sì ní gbà kí òfin tí a fi rọ́pò rẹ̀ má ṣiṣẹ́. Ìdájọ́ ọmọdé nìyẹn, òun ni mo sì fi ń dá eré yìí lẹ́jọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ kan bá gbé idán inú eré wá sí kíláàsì, ẹ má tètè lé e. Ọmọ tó ń béèrè ìdí tí Fireball fi ń jó aṣọ orí okùn tí kò sì jó ti ọrùn ti ń ronú lórí ohun tí ń mú nǹkan jó. Ọmọ tó ń ṣírò 33,000 sínú ihò tóóró ti ń ṣe ìṣirò tí kò ní ṣe bí ẹ bá kọ ọ́ sójú pátákó. Ẹ̀yin òbí wa náà, ẹ̀rù yín kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀rù pa ìwé dé. Ẹ fi béèrè ọ̀rọ̀, bí màmá mi ti ṣe. Ìbéèrè rẹ̀ wúlò fún wa ju kó dáná sun ìwé náà lọ.

Nígbà tí a parí gbogbo iyàn yìí, èmi ni wọ́n ní kí n lọ jíṣẹ́ fún un. Mo sọ fún un pé ìwé náà ní agbára idán wà nínú gbogbo ohun tó wà láyé, pé onídán kàn ń fà á jáde ni. Mo sọ fún un pé onídán tó wà ní ipò karùn-ún lè ju ìṣù iná ńlá ní ìwọ̀nba ìgbà péré, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ sinmi. Mo ní ní ti iná tí kì í kú, àwọn tó kọ ìwé náà kò dáhùn.

Ó gbọ́ mi tán. "Èyí tó ń rẹ ẹni tó ń lò ó, mo gba ìyẹn," ni ó wí. "Èyí tí kì í rẹ ẹnikẹ́ni ni kí ẹ máa ṣọ́."

Láti ọjọ́ náà ni a ti fi òfin tiwa kún un ní pálọ̀ wa. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tan iná tí kì í kú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí yóò tán, ibi tí yóò ti tán, àti ẹni tí yóò tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí London, ó sì mú òfin náà lọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti ń jà lé e lórí.